Yíyan Ilé Gbígbé ní Ìlú Orí Òkè

Ohun méjì ni ènìyàn máa ń wá nígbà tí ó bá ń wá ibi tí yóò fi ṣe ibùgbé. Èkíní ni pé kí owó ilé ibẹ̀ má ṣe ju agbára rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé kí ojú rẹ̀ rí ohun tí ó dára nígbà tí ó bá ṣí fèrèsé ní òwúrọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí ọ̀nà tí ó dùn ún rìn ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé, ohun méjèèjì yìí kì í sábà gbé ojú kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1951, ìjọba ya àgbègbè òkè àti adágún omi kan sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Lake District, kí ẹwà ilẹ̀ náà má bàa bàjẹ́, kí tolówó tòtòṣì sì lè máa rìn kiri níbẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn olówó láti ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé síbẹ̀ fún ìsinmi wọn, títí ó fi di pé ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ tí a bí sí ẹsẹ̀ òkè náà kò rí owó ra ilé sí ìlú baba wọn mọ́. Ẹwà ilẹ̀ ni ó lé ọmọ onílẹ̀ jáde.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń san owó ilé ní Èkó kò sanwó nítorí ẹwà ibẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń sanwó fún, àti ọjà, àti pé ó súnmọ́ títì. Yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn ní Mushin lè wọ́n ju yàrá mẹ́ta lọ ní ìlú tí gbogbo òkè Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbómìnà ti ń wo ojú ẹni. Nítorí náà, ìlú olókè kò wọ́n. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí a máa yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ẹrù rẹ̀, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ó dé tí ilé tí ó dára tó báyìí kò fi wọ́n? Ìdáhùn ìbéèrè náà ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó yẹ kí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìgbájọ ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú yìí wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ìjọba ìbílẹ̀ Bolúwadúró, níbi tí òun àti Ọ̀tan Ayégbajú àti Ìrèsì jọ wà. Ọwá ni oyè ọba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Iléṣà, nítorí pé ìtàn àwọn ará ibẹ̀ so wọ́n mọ́ Ìjẹ̀ṣà. Síbẹ̀ ilẹ̀ Ìgbómìnà ti Ìlá Ọ̀ràngún kò jìnnà sí i ní apá àríwá, Ìmẹ̀sí-Ilé sì wà ní apá gúúsù rẹ̀. Orí òkè ni a tẹ ìlú náà dó sí. Bí ọkọ̀ bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, ọ̀nà a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, awakọ̀ a sì fetí sí ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nígbà tí èrò bá bọ́ sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣàkíyèsí ni pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ó ti wá lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò rí i pé páànù orí ilé kan wà ní ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé kejì, àti pé lẹ́yìn gbogbo ilé náà òkè mìíràn tún wà, òmíràn sì tún wà lẹ́yìn ìyẹn, títí tí gbogbo wọn fi dàbí èéfín.

Àlejò a máa rò pé nítorí afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn àgbà ìgbàanì ṣe gun òkè lọ kọ́lé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní ayé ogun, ìlú tí ó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ jẹ́ ìjẹ fún jagunjagun. Ẹlẹ́ṣin lè dé bá a kí àwọn tí ó wà lóko tó gbọ́ ìró. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè sáré lórí àpáta, ẹni tí ó wà lókè a sì tètè rí ẹni tí ń bọ̀ ní ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Ẹ̀gbá ṣe sá wá sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Owó tí wọ́n san fún ilé orí òkè ni omi tí wọ́n ń pọn láti ìsàlẹ̀ àti oko tí ó jìnnà sí ilé. Ohun tí wọ́n rí rà ni ẹ̀mí wọn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ọjà náà wọ́n.

Síbẹ̀ òkè kò gba Ìgbájọ lọ́wọ́ ogun pátápátá. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí àwọn àgọ́ rẹ̀ kò sì tú tán títí di 1893, ìhà Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí, ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé sì ni ti Èkìtìparapọ̀. Láàrin ìlú méjèèjì ni ojú ogun náà wà. Ìró ìbọn tí ń dún láàrin òkè ni a gbọ́ pé ó fún un ní orúkọ: kí-rì-jì, kí-rì-jì. Nínú àgọ́ yìí ni Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ní ọdún 1885. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, rìn láàrin àgọ́ sí àgọ́ láti orí òkè dé orí òkè, títí tí àwọn ọba àti àwọn ológun fi gbà láti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọdún 1886.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àdéhùn náà tí ó kan ẹni tí ń yan ibùgbé gidigidi. Wọ́n fi ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé àwọn ènìyàn tí ń gbé inú ìlú wọ̀nyí ní òmìnira láti kúrò tàbí láti dúró, bí ó bá ti tọ́ lójú wọn. Nígbà náà, olúkúlùkù ilé ní láti jókòó gbìmọ̀: àwọn tí wọ́n ti jìyà ogun fún ọdún mẹ́sàn-án, tí oko wọn ti di ojú ọ̀nà ọmọ ogun, ṣé kí wọ́n kó lọ ni, tàbí kí wọ́n dúró? Ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà ní ojú kan náà títí di òní. Àwọn tí ó dúró pọ̀ tó láti mú ìlú dúró, wọ́n sì mọ iye tí òkè ń gbà kí wọ́n tó gbà láti máa san án.

Àwọn tí ń wá ilé lóde òní ni kì í sábà mọ̀ ọ́n.

Ojú ogun àtijọ́ yìí wà lára ibi tí ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa fi ẹsẹ̀ rìn. Kì í ṣe pé a gé ọ̀nà síbẹ̀ fún ìgbafẹ́. Ọ̀nà oko ni púpọ̀ nínú àwọn ipa ọ̀nà tí ó yí Ìgbájọ ká: wọ́n gba inú oko iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ kọjá, wọ́n wọ abẹ́ igi kókó àti igi obì, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ bá odò kékeré, wọ́n sì tún gun àpáta ní òdìkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ibi tí ó jìnnà díẹ̀ lè wọ ọkọ̀ lọ sí Òkè-Ìlá, níbi tí omi Ayìkúnnugbá ti ń já láti orí òkúta, tàbí kí ó lọ sí Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà láti gun ìpele méjèèje omi Olúmirìn, bí orúnkún rẹ̀ bá gbà á. Ẹni tí ó bá dé ìpele kejì tí ó padà kò ṣe ohun ìtìjú; ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń padà.

Àkókò tí a bá rìn ṣe pàtàkì ju ibi tí a rìn dé lọ. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ọyẹ́ a máa bo àwọn òkè náà mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìlú ní àkókò yìí lè máà mọ̀ pé òkè kankan wà ní iwájú òun. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹsàn-án, àpáta a máa yọ̀ bí ilá. Ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ní ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, ni ojú máa ń ríran jìnnà jù, tí koríko sì ṣì tutù. Láti oṣù Kìíní lọ, ẹni tí ń rìn ní láti ṣọ́ra fún iná, nítorí pé àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ a máa dáná sun ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ orí òkè kì í sì í bá ènìyàn ṣeré.

Ọ̀nà oko ní onílé. Ẹni tí ó bá kọjá lẹ́bàá ẹni tí ń kọ ebè gbọ́dọ̀ kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kí ó sì dúró gbọ́, "Òò, ẹ kú ìrìn." Bí ó bá kọjá láìkí i, ìròyìn rẹ̀ yóò ṣáájú rẹ̀ délé. Bí ó bá rí igbó kan tí a ta màrìwò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó yà kúrò. Kò pọn dandan kí ó gba ohun tí wọ́n ń bọ níbẹ̀ gbọ́. Àlejò tí ó bá ti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n pàṣẹ pé kí a má wọ̀ wọlé ti ba ìbágbé ara rẹ̀ jẹ́, kò sì sí owó ilé tí ó lè tún un rà padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ owó fúnra rẹ̀. Kí a sọ pé tọkọtaya kan wà, tí ọkọ jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ta aṣọ ní Èkó kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti tú ká. Owó ìfẹ̀yìntì ọkọ ni wọ́n gbójú lé, àti owó kan tí ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí kò tún ní gba irú rẹ̀ mọ́ láyé. Bí wọ́n bá ná owó yẹn síbi tí kò yẹ, kò sí àtúnṣe. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ìṣirò wọn kò fi lè jẹ́ ìṣirò eré.

Kí a pín owó ìfẹ̀yìntì oṣù kan sí ọ̀nà 20. Kí a sọ pé owó ilé Èkó ń gba 8 nínú rẹ̀, àti pé ilé kan ní Ìgbájọ yóò gba 2. Ọkọ á fò sókè pé òun ti jèrè 6. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ní láti máa lọ rí dókítà ní Òṣogbo lóṣooṣù: owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ gba 1. Àwọn ohun kan tí wọ́n ti mọ́ wọn lára ní láti gba orí títì gun òkè wá, nítorí náà wọ́n wọ́n díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ: 1 tún lọ. Bí ọmọ bá bí ọmọ ní Èkó, ìyá àgbà kò lè ṣe kó má lọ; bí ìjọba bá ní kí àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì wá fi ara wọn hàn, bàbá kò lè ṣe kó má lọ; ìyẹn gba 1. Èrè 6 ti di 3. Kò burú, èrè ṣì ni. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí gbà pé omi wà nínú ilé.

Omi ni ó máa ń tú àṣírí ìlú olókè. Abẹ́ ilẹ̀ àgbègbè yìí kì í ṣe yanrìn jíjìn tí omi lè máa rìn nínú rẹ̀ fàlàlà. Àpáta líle ni. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bo àpáta náà lórí, àti inú sáńsán tí ó wà lára àpáta, ni omi máa ń sá pamọ́ sí. Nítorí èyí, kànga kan lè kún, kí kànga tí kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i gbẹ fúrúfúrú. Ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ lè bá omi pàdé, ó sì lè ná gbogbo owó rẹ̀ kí ó máà bá ohunkóhun pàdé bí kò ṣe eruku òkúta. Kànga orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa tètè gbẹ, nítorí pé omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀. Kànga tí ó wà ní àfonífojì a máa pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ wo ilé ní oṣù Kẹsàn-án, tí ó rí kànga tí omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu, kò tíì rí nǹkan kan. Kí ó padà wá ní ìparí oṣù Kejì.

Kí a sọ pé tọkọtaya wa wo ilé méjì. Èyí àkọ́kọ́ wà ní òkè pátápátá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, ó kọjú sí ìhà Ìmẹ̀sí, ẹni tí ó bá jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò máa wo bí òjìji ṣe ń gun àwọn òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ ti fi ọkàn sí i kí ó tó wọ yàrá. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀. Ògiri àti igi máńgòrò kan ni a ń rí láti fèrèsé rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí ilé rẹ̀ súnmọ́ èyí àkọ́kọ́ jókòó sí iwájú ilé ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ kú ìjókòó, Ìyá," ni ìyàwó wí, ó sì kúnlẹ̀ bí orúnkún rẹ̀ ti gbà á mọ.

"Ẹ ṣeun. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ dìde."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ ti máa ń pọn omi nínú oṣù Kejì?"

Ìyá àgbà náà gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ṣé agẹ́ńtì kò wí fún yín ni? Kànga wa ti gbẹ kí oṣù Kejì tó wọlé. Àwọn ọmọ ni mo ń rán lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin, ta ni ẹ ó máa rán?"

Ìbéèrè yìí kan ṣoṣo ṣe wọ́n lóore ju gbogbo ohun tí agẹ́ńtì ti ń sọ láti àárọ̀ lọ. Ọmọ wọn kò sí nílé mọ́. Wọn yóò máa ra omi, ẹni tí yóò gbé e gun òkè yóò sì gba owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrè 3 tí ó ṣẹ́kù yóò di 1, bóyá kò tilẹ̀ ní kù rárá ní oṣù tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le. Àti pé ohun kan wà tí kò ṣeé fi owó ṣírò: ìyàwó ni yóò máa gun òkè yẹn láti ọjà bọ̀, òun ni orúnkún ń dùn.

Nípa ti ìlera, àwọn kan gbà pé ìlú kékeré kò lè ní ìtọ́jú tí ó dára. Ìtàn àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ta ko wọ́n. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún ìparí 1950, Dókítà David Morley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àwọn nọ́ọ̀sì ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí ìwé kan bí ó ti ń wúwo sí i, ìyá ọmọ ni ó sì ń tọ́jú ìwé náà sílé. Ikú àwọn ọmọdé dín kù púpọ̀ níbẹ̀, irú ìwé náà sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Àwọn ìyá ní Ghana, ní Íńdíà àti ní ibi púpọ̀ ti lo irú ohun tí a kọ́kọ́ dán wò ní ẹsẹ̀ òkè yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wà rí yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nísinsìnyí. Ẹni tí ń wá ilé kò gbọdọ̀ béèrè pé, "Ṣé ilé ìwòsàn wà?" nìkan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò wí. Kí ó béèrè pé, "Ta ni ó máa ń wà níbẹ̀ ní òru?" kí ó sì lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn wà tí a kò ní pẹ́ lórí wọn: iná mànàmáná, ọjọ́ ọjà, ilé ìjọsìn, àti ariwo. Políténíìkì wà ní Ìgbájọ, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wà, owó yàrá tí ó súnmọ́ wọn a máa gòkè, orin wọn a sì máa pẹ́ lóru. Ẹni tí ó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ó jìnnà síbẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rírà ilẹ̀ ni ó yẹ kí a dúró lé. Bí ènìyàn bá rí i pé owó ilé kò wọ́n, èrò tí ó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Kí ló dé tí n kò fi ra ilẹ̀ kí n kọ́ ti ara mi?" Níbi yìí ni owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rì. Ilẹ̀ ẹbí ni ó pọ̀ jù ní irú ìlú bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìbílẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà gbà, ẹnì kan kò lè dá ta ilẹ̀ ẹbí: bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà jẹ́ òfo láti ìbẹ̀rẹ̀, bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn yòókù lè lọ sí ilé ẹjọ́ láti yí i padà. Ọmọkùnrin tí ó fi ẹ̀rín pàdé àlejò ní gáréèjì, tí ó ní òun ní ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà kíákíá nítorí ìṣòro, lè jẹ́ ọmọ ẹbí lóòótọ́. Síbẹ̀ kò ní àṣẹ. Lẹ́yìn ti ẹbí, òfin ilẹ̀ tí ìjọba ṣe ní ọdún 1978 tún wà, èyí tí ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, nítorí náà ìwé ẹbí nìkan kò tó. Kí olùra mú awọnlẹ̀ lọ, kí ó mú agbẹjọ́rò lọ, kí ó má sì sanwó kí àwọn méjèèjì tó sọ̀rọ̀.

Bí ìwé bá tilẹ̀ pé, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì ní láti jẹ́rìí. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ a máa gbà ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ láti kọ́, nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ yóò ga ní ìhà kan, yóò sì gba òkúta àti sìmẹ́ńtì púpọ̀ kí ògiri tó yọ jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí àgbàrá ń gbà, kí ó lọ dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, kí ó fi agbòjò borí, kí ó máa wò. Àgbàrá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ kí olówó tó dé, kò sì mọ ìwé àṣẹ.

Tọkọtaya wa kò ra ilẹ̀. Ìjà díẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ ilé. Ọkọ ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé nítorí ògiri àti igi máńgòrò ni a ṣe ń kúrò ní Èkó?" Ìyàwó dá a lóhùn pé, "Bàbá ọmọ mi, ẹsẹ̀ yín le. Ẹ lè máa lọ wo òkè níbi tí ó wà. Èmi kò lè máa gbé e lọ gbé e bọ̀ lójoojúmọ́." Ọkọ dákẹ́. Ó mọ̀ pé òkè náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Wọ́n gba ilé ìsàlẹ̀ fún ọdún kan péré, wọ́n sì fi owó tí ọkọ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo náà sílẹ̀ ní báńkì láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n lè rí òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kí wọ́n tó pinnu bóyá wọn yóò dúró. Ọkọ padà wá ní ìparí oṣù Kejì kí wọ́n tó kó ẹrù dé. Ó ju korobá sínú kànga ilé náà, ó gbọ́ ìró omi, ó fà á sókè, ó sì bu díẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ó bi onílé léèrè ibi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Onílé náwọ́ sí ẹ̀yìn igi máńgòrò.